Ẹ̀wù Afúnmọ́ra fún Ajá Tí Ìpáyà Ń Dà Láàmú

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sin ajá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn ló mọ ẹ̀wù kan tí a máa ń wọ̀ fún ajá nígbà tí àrá bá fẹ́ sán tàbí nígbà tí ariwo ọdún bá ń bọ̀, tí ó máa ń fún ajá náà mọ́ra láti ìdí ọrùn títí dé ìbàdí, tí wọ́n sì gbà pé ó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Àwọn kan ka ẹ̀wù yìí sí oògùn, wọ́n ní bí ajá bá ti wọ̀ ọ́ báyìí, ẹ̀rù tán. Àwọn mìíràn sì kà á sí àṣejù àwọn tí owó ń yọ lẹ́nu, tí wọ́n ń ra ẹ̀wù fún ẹranko tí Ọlọ́run ti fi irun bò lára. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú èrò méjèèjì. Ohun ìrànlọ́wọ́ ni ẹ̀wù náà: ó ní ibi tí agbára rẹ̀ dé, ó ní ibi tí kò dé, ọ̀nà tí alájá bá sì gbà lò ó ni yóò pinnu bóyá yóò ran ajá lọ́wọ́ tàbí yóò dá kún ìpọ́njú rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀wù afúnmọ́ra jẹ́

Ẹ̀wù afúnmọ́ra ni ẹ̀wù tí a fi aṣọ tí ó ń fà rán, tí a ṣe láti máa tẹ àyà, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ajá ní ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró, láìdí i lọ́wọ́ kí ó má lè mí tàbí kí ó má lè rìn. Púpọ̀ nínú wọn ní etí gbọọrọ méjì tàbí mẹ́ta tí a máa ń fà yí ikùn ká, tí a ó sì fi ìlẹ̀mọ́ra dè, irú ìlẹ̀mọ́ra tí ó wà lára bàtà àwọn ọmọ iléèwé, tí kò nílò bọ́tìnnì tàbí okùn. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀wù òtútù, nítorí pé iṣẹ́ ti ẹ̀wù òtútù ni láti mú ara gbóná, kò sì pọn dandan kí ó fún mọ́ra. Ó tún yàtọ̀ sí ìjánu àyà tí a fi ń mú ajá jáde, nítorí pé ibi tí okùn gbé kan ara nìkan ni ìjánu ti ń tẹ ẹranko, nígbà tí ẹ̀wù yìí ń pín ìtẹ̀mọ́ra ká gbogbo agbedeméjì ara.

Ìpáyà lára ajá

Kí a tó lè mọ ohun tí ẹ̀wù náà wúlò fún, ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ìbẹ̀rù ni ohun tí ń ṣe ajá nígbà tí ohun tí ó ń dẹ́rù bà á wà níwájú rẹ̀, ó sì dára fún ẹranko láti ní in, nítorí òun ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ewu. Àìfọ̀kànbalẹ̀ ni ohun tí ń ṣe é nígbà tí nǹkan náà kò tíì dé, ṣùgbọ́n tí ajá ti ń retí rẹ̀. Ìpáyà ni ìbẹ̀rù tí ó ti kọjá ààlà, tí kò bá ohun tí ó fà á dọ́gba mọ́, tí kì í sì í lọ bọ̀rọ̀ kódà lẹ́yìn tí ohun náà bá ti kọjá. Ohun tí ó sábà máa ń fa ìpáyà lára ajá ni ariwo òjijì bí àrá, ìbọn àti bángà, dídá wà nínú ilé nígbà tí àwọn ará ilé bá jáde, àti ìrìn àjò nínú ọkọ̀ tàbí ìbẹ̀wò sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Ariwo ni ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní Finland, tí ó jáde ní ọdún 2020, èyí tí ó kan nǹkan bí ajá 13,700, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí ó ni wọ́n sọ pé ariwo máa ń dẹ́rù bà. Etí ajá ṣàlàyé apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìró tí ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni òpin ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́, ṣùgbọ́n ajá ń gbọ́ èyí tí ó tó 45,000. Ti àrá tún wá burú nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ó ń bọ̀. Atẹ́gùn, ìṣúdùdù ojú ọ̀run àti mànàmáná ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀, ajá tí ó bá sì ti kọ́ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àmì àrá yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó gbọ́ ìró kankan.

Àmì ìpáyà kì í ṣe ìgbọ̀nrìrì àti gbígbó nìkan. Ajá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè máa mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ooru kò mú, kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, kí ó máa lá ètè, kí ó máa yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún, kí ó ká ìrù sábẹ́ ikùn, kí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, kí funfun ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, kí ó máa lọ sókè sódò, kí ó wọ abẹ́ ibùsùn, tàbí kí ó máa họ ilẹ̀kùn títí èékánná rẹ̀ yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ alájá kò mọ àwọn àmì kéékèèké inú wọn, wọ́n máa ń rò pé ara ajá àwọn le nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú.

Ibi tí èrò náà ti ṣẹ̀

Ọ̀dọ̀ màlúù ni èrò tí ó bí ẹ̀wù ajá yìí ti wá. Ní àwọn oko ẹran ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí a bá fẹ́ gún màlúù ní abẹ́rẹ́, a máa ń darí rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan tí ó ní ògiri lọ́tùn-ún àti lósì, tí àwọn ògiri náà yóò sì máa sún mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi fún ẹran náà sáàárín. Temple Grandin, tí a bí ní ọdún 1947, tí ó sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado, ṣàkíyèsí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ní oko ẹbí rẹ̀ kan ní Arizona, pé àwọn kan nínú àwọn màlúù náà máa ń rọlẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti fún wọn. Grandin fúnra rẹ̀ ní ọ́tísìmù, ìyẹn ipò kan tí a ń bí mọ́ ènìyàn, tí ó ń mú kí ọpọlọ gba ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìdààmú ọkàn sì máa ń bá a jà gidigidi. Ó kan irú ẹ̀rọ náà fún ara rẹ̀, ó rí i pé ó ń fún òun ní ìsinmi, nígbà tí ó sì di ọdún 1992, ó tẹ ìwádìí jáde lórí bí ìtẹ̀mọ́ra ṣe ń mú ara rọlẹ̀ fún àwọn tí ó ní ọ́tísìmù, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti fún àwọn ẹranko.

Ní ọ̀nà mìíràn, Linda Tellington-Jones, obìnrin kan tí ó ti ń kọ́ ẹṣin tipẹ́ kí ó tó kọjú sí ajá, sọ ọ́ di àṣà láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ láti máa fi báńdéèjì tí ó ń fà di ara ẹranko tí jìnnìjìnnì bá. Nígbà tí ọdún 2000 wọlé, àwọn tí ń kọ́ ajá àti àwọn oníṣòwò ní Amẹ́ríkà sọ báńdéèjì di ẹ̀wù tí a rán tán. Èyí tí a ń pè ní Anxiety Wrap wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, ThunderShirt sì tẹ̀ lé e sí ọjà ní ọdún 2009, òun ni ó sì sọ irú ẹ̀wù náà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Bí ìtẹ̀mọ́ra ṣe lè mú ara rọlẹ̀

Ẹ̀ka méjì ni iṣan ìmọ̀lára tí ń darí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun láìjẹ́ pé ẹranko ronú sí i pín sí. Ẹ̀ka kan ń ta ara jí láti jà tàbí láti sá, òun ni ó ń mú kí ọkàn máa sáré kí èémí sì máa yára. Ẹ̀ka kejì ń dá ara padà sí ìsinmi. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ìtẹ̀mọ́ra tí ó gbòòrò, tí kò yí padà, tí kò sì dunni, ń ran ẹ̀ka kejì lọ́wọ́, nígbà tí ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ máa ń ta ara jí. Ìyá tí ó bá ti fi ọ̀já gbá ọmọ tí ń sunkún mọ́ ẹ̀yìn mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń wí: bí ọ̀já bá dẹ̀, ọmọ kò ní yé mira, bí ó bá le jù, yóò ké, ṣùgbọ́n bí ó bá gbá a dáadáa, kì í pẹ́ tí yóò fi sùn lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀nà tí nǹkan yìí gbà ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ara ajá ṣì jẹ́ èrò tí àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò, kò tíì di òfin tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí tẹ èsì ìdánwò kan jáde, nínú èyí tí ajá 18 tí àrá ń dẹ́rù bà wọ Anxiety Wrap nígbà òjò. Nígbà tí wọ́n lò ó nígbà karùn-ún, òṣùwọ̀n ìpáyà tí àwọn alájá fún àwọn ajá náà ti dín kù ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún. Èsì náà dùn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí àwọn ajá mìíràn tí a kò wọ ẹ̀wù fún láti fi wé wọn, àwọn alájá fúnra wọn ni ó sì ṣe ìdájọ́, ẹni tí ó bá sì ń retí ìwòsàn kì í pẹ́ rí i.

Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2014, tí Grandin wà lára àwọn tí ó ṣe é, gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ajá 90 tí a ti mọ̀ pé ìpáyà ń bá jà ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan wọ ẹ̀wù tí a fún dáadáa, àwọn kan wọ ẹ̀wù kan náà tí a kò fún, àwọn yòókù kò sì wọ nǹkan kan. Wọ́n ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, wọ́n sì rí i pé ìlù ọkàn àwọn tí a fún ẹ̀wù mọ́ lára kò yára sí i tó ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Finland gbé ohùn bángà tí a ti gbà sílẹ̀ sí etí ajá 28 tí ń páyà ariwo, ẹ̀wù náà kò dín cortisol inú itọ́ wọn kù, cortisol sì ni omi inú ara tí ó máa ń pọ̀ sí i nígbà ìdààmú. Ní ọdún 2018, àyẹ̀wò gbogbo ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ parí sí pé ẹ̀rí kò tíì pọ̀ tó, pé ìrànlọ́wọ́ tí ẹ̀wù náà ń ṣe lè jẹ́ díẹ̀, àti pé kò yẹ kí alájá gbójú lé òun nìkan.

Ìwádìí Stefanie Riemer ní Yunifásítì Bern, ní Switzerland, tí ó jáde ní ọdún 2020, jẹ́ kí a lè fi ẹ̀wù náà wé àwọn ọ̀nà mìíràn. Nínú ìdáhùn 1,225 tí ó rí gbà lọ́dọ̀ àwọn alájá, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo ẹ̀wù afúnmọ́ra sọ pé ó ṣiṣẹ́. Nínú àwọn tí ó ń fún ajá ní oúnjẹ dídùn tàbí tí wọ́n ń bá a ṣeré ní gbogbo ìgbà tí ariwo bá dún, kí ajá lè kọ́ pé ohun rere ni ariwo ń mú bọ̀, ó lé ní ìdá 70 tí ó rí àǹfààní. Àwọn tí ó lo oògùn tí dókítà ẹranko kọ fún wọn sì súnmọ́ ìdá 69. Èyí ni pé ẹ̀wù náà wúlò fún àwọn ajá kan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó lágbára jù.

Bí a ṣe ń lò ó

Ìgbésẹ̀ kìíní ni láti wọn ajá. Téèpù télọ̀ ni a ó fi yí àyà rẹ̀ ká níbi tí ó ti fẹ̀ jù, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, a ó sì ra ìwọ̀n tí ó bá nọ́ńbà náà mu, kì í ṣe èyí tí a fojú dá.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti fi ẹ̀wù náà han ajá ní ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí àrá ń sán. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, a ó sì máa ju ìpápánu tí ó fẹ́ràn sí orí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbé e lé e lẹ́yìn láìdè é, a ó fún un ní nǹkan jẹ, a ó sì mú un kúrò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni ìlẹ̀mọ́ra: bí a bá fà á ṣí lójijì, fàà! ni yóò dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ajá, ẹ̀wù tí ó yẹ kí ó lé ẹ̀rù lọ yóò sì wá di ohun ẹ̀rù. Nítorí náà, ní òkèèrè ni a ó ti máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí a máa fún ajá ní ẹran wẹ́wẹ́ ní ìgbàkígbà tí ó bá dún, títí ajá yóò fi máa gbọ́ ọ láìbìkítà.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni dídè é. Ó gbọ́dọ̀ fún ajá mọ́ra láìsí ibi tí ó ṣù jọ, ìka ọwọ́ méjì sì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀ ní ọrùn àti ní àyà. Bí ajá kò bá lè gbé ẹsẹ̀ dáadáa, tàbí tí èémí rẹ̀ yí padà, ó ti le jù. Ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, kò sì yẹ kí a fi ajá sílẹ̀ lóun nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni àkókò. Kí ìpáyà tó dé ni a ń wọ̀ ọ́: nígbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣú, tàbí kí ilẹ̀ tó ṣú ní alẹ́ tí a mọ̀ pé bángà yóò dún. Ajá tí ó ti ń gbọ̀n, tí ó sì ti wọ abẹ́ àga, kì í ṣe ẹni tí a ń fà jáde láti wọ ẹ̀wù fún. Ó sì yẹ kí a máa wọ̀ ọ́ fún un ní àwọn ọjọ́ aláìléwu pẹ̀lú, kí ó má baà di pé ajá ń rí ẹ̀wù náà bí àmì pé ìyọnu ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni àbójútó. Ní wákàtí kan sí méjì, a ó bọ́ ọ kúrò láti wo abẹ́ apá àti abẹ́ ikùn bóyá ó ti ń họ ọ́ lára, a ó sì máa fọ̀ ọ́ déédéé.

Àwọn àṣìlóye tí ó wọ́pọ̀

Àṣìlóye kìíní ni pé bí ajá bá ti dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀wù, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ̀rù lè mú kí ẹranko le gbagidi. Ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ yóò dùbúlẹ̀, iṣan ara rẹ̀ yóò dẹ̀, yóò lè jẹun, yóò sì dáhùn bí a bá pè é. Èyí tí ẹ̀rù gan pa yóò dúró bí ère, yóò ranjú, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí a bọ́ ẹ̀wù náà ni ó yẹ.

Èkejì ni pé bí ó bá ti fún tó ni yóò ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ̀wù tí ó há jù ń dí èémí lọ́wọ́, ó sì ń bó awọ ara.

Ẹ̀kẹta ni pé bí alájá bá rẹ ajá tí ẹ̀rù ń bà lẹ́kún, ó ń kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè tí ajá ń dá láti gba oúnjẹ. Ipò ọkàn ni, ìtùnú kò sì lè sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyà ni ó ń sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ajá tí a nà nígbà tí àrá ń sán yóò ní ohun méjì tí yóò máa bẹ̀rù dípò ẹyọ kan.

Ẹ̀kẹrin ni pé ẹ̀wù lè dípò ìtọ́jú. Ìwádìí tí Yunifásítì Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ sí, tí ó jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ìrora iṣan àti egungun lè wà nídìí ìpáyà ariwo àwọn ajá kan, pàápàá èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá ti dàgbà. Ẹni tí ó bá ń wọ ẹ̀wù fún irú ajá bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Bí ìpáyà bá le, oògùn wà tí a fọwọ́ sí fún ajá, bí dexmedetomidine fún ìpáyà ariwo, àti clomipramine tàbí fluoxetine fún ìpáyà àdánìkanwà, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko nìkan ni ó lè pinnu èyí tí ó yẹ àti ìwọ̀n rẹ̀. Oògùn ènìyàn tí ó wà nínú ilé kò yẹ fún un rárá.

Ooru àti àwọn ajá tí ẹ̀wù náà kò yẹ fún

Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, àyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè fẹ̀ fàlàlà kí ó tó lè ṣe é. Fún ìdí yìí, ohun tí a rán fún yàrá tútù ní London tàbí ní Amẹ́ríkà nílò ìṣọ́ra bí a bá fẹ́ lò ó ní Èkó tàbí Ìbàdàn, pàápàá ní oṣù Kejìlá, nígbà tí bángà Kérésìmesì àti ọdún tuntun máa ń dún láìka ìkìlọ̀ àwọn ọlọ́pàá sí. Yàrá tí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ni kí a ti lò ó, kí omi wà nítòsí, kí a sì bọ́ ọ lọ́gán bí èémí ajá bá ń sáré sí i. Kò yẹ fún ajá onímú pẹẹrẹ tí èémí ti ń ṣòro fún tẹ́lẹ̀, fún ajá tí ó ní egbò, èyún tàbí àrùn awọ, fún ajá tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró tí dókítà kò tíì fọwọ́ sí i fún, tàbí fún ajá tí ó máa ń géni jẹ bí a bá fọwọ́ kàn án lára.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀wù afúnmọ́ra, kí ó kọ́kọ́ mú ajá rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà lára àwọn ibi tí a ti lè rí irú dókítà bẹ́ẹ̀. Kí ó pèsè yàrá inú lọ́hùn-ún tí ajá lè sá sí, kí ó ti fèrèsé, kí ó tan rédíò, kí ó ní oúnjẹ dídùn lọ́wọ́, kí ó sì wà nílé bí ó bá ṣeé ṣe. Bí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀wù náà lè fi tirẹ̀ kún un. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, owó tí a fi rà á ti ṣòfò. Ẹni tí kò bá sì lágbára láti rà á kò pàdánù ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹran wẹ́wẹ́ àti sùúrù, tí ó ṣiṣẹ́ ju ẹ̀wù lọ fún ọ̀pọ̀ ajá, wà ní ìkáwọ́ gbogbo alájá.